Ta ló ti fi ajá ilé ṣe eré wíwá òórùn rí? Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Tanmọ̀la

Akin_Bódìjà (Ìbàdàn) · Sátidé, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin alájá. Tanmọ̀la mi ti pé ọdún kan àtààbọ̀. Ajá ìbílẹ̀ ni ìyá rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ bàbá. Orí rẹ̀ pé, ìyẹn gan-an ló sì ń fa wàhálà: ó ti jẹ bàtà mẹ́rin lóṣù yìí, ó ti hú ewédú ìyá mi lẹ́yìnkùlé tán. Mò ń mú un rìn láàárọ̀, mò ń mú un rìn lálẹ́, kò rẹ̀ ẹ́.

Ẹnìkan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Wọ́n to páálí mẹ́wàá sílẹ̀, ajá kékeré kan ń fimú lọ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Ó kọjá ìkeje, ó yí padà bíríkítí, ó dúró tì í, ó wojú olówó rẹ̀. Obìnrin yẹn kígbe ọ̀rọ̀ kan, wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní eré ìdíje ni, pé kì í ṣe ajá ọlọ́pàá.

Ṣé ajá ilé lásán lè ṣe é? Kí ni wọ́n fi pamọ́ sínú páálí yẹn? Ṣé mo sì lè bẹ̀rẹ̀ níbí láìsan owó fún ẹnì kankan? Mo ti san owó fún olùkọ́ ajá kan rí. Ohun tó mọ̀ ò ju pàṣán lọ. Tanmọ̀la ṣì máa ń lọ sábẹ́ tábìlì tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ sókè lójijì.

Ẹlẹ́rìn_Gbogboògbò · 7:20

Tó bá ti mọ̀ ọ́n tán, kó wá bá mi wá owó oṣù mi. Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù ni mi ò ti gbóòórùn rẹ̀ mọ́.

ÌyáJọ̀lọ́ (Maryland, Amẹ́ríkà) · 2:35 ọ̀sán

Àbúrò, ajá ilé gan-an ni wọ́n ṣe eré yìí fún. Jọ̀lọ́ tèmi ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ilé ìtọ́jú àwọn ajá tí kò lólówó ni mo ti gbà á, ẹ̀rù ajá mìíràn sì máa ń bà á débi pé tó bá rí ọ̀kan lókèèrè, á gbó títí ohùn á fi há. Òun náà ló gba oyè àkọ́kọ́ lọ́dún tó kọjá.

Àwọn mẹ́ta ló dá a sílẹ̀ ní gúúsù California lọ́dún 2006: Ron Gaunt, Amy Herot àti Jill Marie O'Brien. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ tí ajá aṣàwárí ń ṣe tayọ̀tayọ̀, ajá tó jókòó sílé náà lè fi í ṣeré. K9 Nose Work, ìyẹn iṣẹ́ imú ajá, ni wọ́n pè é, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje rẹ̀ sì ń jẹ́ NACSW. Ní 2017, American Kennel Club, ìyẹn AKC, ẹgbẹ́ àwọn alájá ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi ti ń díje.

Ohun tó wà nínú páálí ò ju igi òwú tí a fi ń nu etí lọ. Òróró igi birch díẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n fi sínú agolo kékeré tó nihò. Birch ni AKC fi ń bẹ̀rẹ̀, anise tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kànáfùrù, cypress ló kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni o, kànáfùrù tí wọ́n ń fi sí kúnú! Má wulẹ̀ wá birch kiri Ìbàdàn. Ní Britain, kànáfùrù ni ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Scentwork UK fi ń bẹ̀rẹ̀, kànáfùrù ò sì lè ṣọ̀wọ́n ní ọjà Bódìjà.

Ajá kan ṣoṣo ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á wà nínú mọ́tò. Ìdí nìyẹn tó fi bá Jọ̀lọ́ lára mu. Lọ́dọ̀ NACSW, ajá tí kò fẹ́ kí ajá mìíràn sún mọ́ òun á so aṣọ pupa mọ́rùn kí gbogbo èèyàn lè yà fún un. Mo ti rí ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, mo ti rí èyí tó fọ́jú. Tí ajá bá rí i, ìwọ lo máa sọ ọ́ fún adájọ́: "Alert!" Ọ̀rọ̀ tó o gbọ́ tí obìnrin yẹn kígbe nìyẹn. Adájọ́ á wá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn máa ń dun èèyàn ju kí wọ́n já ìwé ìdánwò rẹ̀ lọ.

Ó yá, bó o ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rèé. Fi kànáfùrù sílẹ̀ ná, oúnjẹ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Wá páálí mẹ́fà tí kò gbé ẹja tàbí ọṣẹ rí. Páálí bàtà dáa. Ṣí wọn sílẹ̀, fọ́n wọn ká inú yàrá. Bọ ẹ̀dọ̀ láìfi iyọ̀ sí i, gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé. Jẹ́ kí ẹnìkan di Tanmọ̀la mú lẹ́nu ọ̀nà. Fọwọ́ kan gbogbo páálí kó má bàa jẹ́ òórùn ọwọ́ rẹ ló máa tẹ̀ lé, kó o wá ju ẹ̀dọ̀ mẹ́ta sínú ọ̀kan.

Jẹ́ kó wọlé. Kó o pa ẹnu rẹ mọ́. Má nàka, má pe orúkọ rẹ̀, má sọ pé "wá a, wá a". Tó bá ti ki orí bọ páálí tó tọ́, tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, rìn lọ jẹ́jẹ́, tún ju méjì mẹ́ta sí i fún un nínú páálí yẹn gan-an. Má fi ọwọ́ bọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó mọ̀ pé ibi òórùn ni ọlà wà, pé kì í ṣe àpò ṣòkòtò rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ti tó. Kó má tíì sú u kó o tó kó páálí nílẹ̀.

ỌmọỌdẹ_Ṣakí · 6:03 ìrọ̀lẹ́

Mò ń kà á, mò ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń sanwó kọ́ lókè òkun yìí, bàbá mi ò fún un lórúkọ kankan. Ajá méjì ló ní, Ṣebíótimọ àti Máwobẹ̀. Tí ọmọ ajá bá ti já lẹ́nu ọmú, wọ́n á wọ́ awọ òkété gba inú koríko lọ, wọ́n á fi pamọ́ sí gbòǹgbò igi, wọ́n á tú ọmọ ajá sílẹ̀ pẹ̀lú àgbà ajá. Ó parí.

Bàbá kì í bá ajá sọ̀rọ̀ lóko. Wọ́n ní ẹni tó ń pariwo nídìí ajá ń dí imú ajá. Kí wọ́n tó tú okùn, wọ́n á bu eruku, wọ́n á jẹ́ kó jábọ́ láti ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń dà á sí, ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ ni wọ́n á sì ti wọ igbó. Bí ìrù Ṣebíótimọ bá ń jù fìrìfìrì, asán ni. Bí ìrù yẹn bá le, tí orí rẹ̀ sì já wálẹ̀ lójijì bí ìgbà tí wọ́n fi okùn fà á, Bàbá á ti gbé ìbọn.

Kí wá ni ti páálí?

ÌyáJọ̀lọ́ · 6:50

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. "Orí rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì" yẹn, odidi oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ èmi láti máa rí i. Mo máa ń wo ìrù lásán, Jọ̀lọ́ á ti rí nǹkan, á ti kọjá, èmi á ṣì máa wò. Páálí wulẹ̀ wà fún ajá tí kò wọ igbó rí ni, kó lè yé e pé iṣẹ́ imú la fẹ́. Tó bá ti yé e, a ó kó páálí kúrò. Ní ìdíje, wọ́n ń fi pamọ́ sínú yàrá, sí ìta gbangba. AKC tiẹ̀ máa ń rì í mọ́ inú iyanrìn, NACSW sì máa ń fi sára mọ́tò.

Tunde_Houston · 9:14 alẹ́

Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ mi ò fara mọ́ ti ẹ̀dọ̀ yìí. Èmi ò fi oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo di agolo olóòórùn mú lọ́wọ́ kan, ẹran wà lọ́wọ́ kejì lẹ́yìn mi. Tí ajá Labrador mi bá ti fi imú kan agolo, "bẹ́ẹ̀ ni!", ẹran. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó ti ń sáré wá agolo nínú ilé. Ohun tí mò ń wò ni pé ní ìpele òkè, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi oúnjẹ sínú páálí mìíràn láti tan ajá. Ajá tí ẹ ti kọ́ pé ẹran ni ká máa wá, ṣé kò ní lọ dúró ti páálí ẹran?

ÌyáJọ̀lọ́ · 9:58

Ó lè dúró tì í lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, páálí yẹn á wà ní títì, kò ní rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀, á kọjá. A kì í wà lórí oúnjẹ títí láé. Àmọ́, Túndé, ajá tìrẹ kò bẹ̀rù ẹnì kankan, ó lè wá fimú kan nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ọwọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi na Tanmọ̀la! Má sọ ọ́ di pé á tún máa wo ọwọ́ èèyàn. Jẹ́ kó kọ́kọ́ dá nǹkan wá fúnra rẹ̀, kó dá a rí, kó dá a jẹ. Ní ti tirẹ̀, mi ò ní gbà kó fi agolo lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀.

Tunde_Houston · 10:02

Ó dáa. Ní ti ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn, mo gbà.

Dókítà_Ẹran (Abẹ́òkúta) · Sọ́ńdè, 8:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n já sí i díẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí ń gbé ajá wá bá mi ní kíníkì.

Àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má kó ajá jọ sí ibì kankan tí ẹ ò bá tíì rí ìwé abẹ́rẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, eré ni o, ìjà ni o.

Ìkejì, ooru. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ni ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ara rẹ̀ lè tutù. Ajá tó ń fi ẹnu mí ò lè máa fi imú ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí ajá bá ń fi imú wá nǹkan, ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó ń fa atẹ́gùn sínú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò imú rẹ̀, ẹ ó rí ibi tó là: ibẹ̀ ni èyí tó ń mí jáde ń gbà, kó má bàa fẹ́ òórùn iwájú dànù. Ohun tí ń gbóòórùn nínú imú èèyàn tó mílíọ̀nù 5 tàbí 6, ti ajá lè tó mílíọ̀nù 300. Aago mọ́kànlá ọ̀sán ní Ìbàdàn lẹ fẹ́ gbé gbogbo ìyẹn jáde? Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí omi sì wà nítòsí. Nígbà ọyẹ́, imú á gbẹ, ilẹ̀ á gbẹ, iṣẹ́ á le sí i. Ẹ má bínú sí ajá nígbà yẹn.

Ìkẹta, ẹ má fi ṣúyà tàbí kílíṣí ṣe ẹ̀bùn. Àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, kò dára fún ẹ̀jẹ̀ ajá. Ṣokoléètì, rárá. Ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n fi xylitol (ohun àdídùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà) sí, rárá o. Ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ dáa níwọ̀nba, adìyẹ bíbọ̀ tí kò léegun náà dáa. Bí ẹ bá dé orí kànáfùrù, òróró rẹ̀ tí wọ́n fún sínú ìgò lágbára púpọ̀. Kó má kan ahọ́n ajá tàbí ojú rẹ̀, kó má sì kan ọwọ́ tiyín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹlẹ́rìn_Gbogboògbò · 8:41

Ọdẹ ń fi ajá wá òkété, ó sè é, ó jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ń fi ajá wá kànáfùrù. Ta ló fẹ́ jẹ kànáfùrù?

Tunde_Houston · 8:55

Ìwọ lò ń ṣe yẹ̀yẹ́, òkété fúnra rẹ̀ ń fi imú ṣiṣẹ́. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ APOPO, Morogoro ní Tanzania ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí òkété láti máa wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní Cambodia. Bọ́ǹbù àti nǹkan ìbúgbàù tó wá rí lé ní 100. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020.

ỌmọỌdẹ_Ṣakí · 9:10

Kó dúpẹ́ pé kì í ṣe igbó Ṣakí ló ti ń ṣiṣẹ́.

Sàdíátù_Ẹ̀gbá · 9:47

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mùsùlùmí ni wá, ajá ìṣọ́ la ní, ìta ló ń gbé, itọ́ rẹ̀ kì í kan aṣọ wa. Ṣé dandan ni kó wọnú ilé? Ṣé mo sì lè ṣe é láìfi ọwọ́ bọ́ ọ lẹ́nu?

ÌyáJọ̀lọ́ · 12:15 ọ̀sán

Ìta yín ti tó, àǹtí. Inú páálí ni oúnjẹ ń wà, ẹ fi síbí ọlọ́wọ́ gígùn jù ú sínú rẹ̀, kò ní kàn yín. Ẹ fi páálí mẹ́fà yẹn sí ibi tí òòrùn kò tíì dé. Ìṣòro kan ló wà ní ìta, ìyẹn afẹ́fẹ́; àmọ́ ó sàn kó tètè mọ̀ ọ́n.

Akin_Bódìjà · Sátidé kejì, 7:30 àárọ̀

Mo ti dé o. Ọ̀sẹ̀ kan pé.

Lọ́jọ́ kìíní, Tanmọ̀la gbé odidi páálí kan sá lọ sábẹ́ mọ́tò, ó fà á ya. Ẹ̀dọ̀ ò tiẹ̀ sí nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó wọlé, ó dúró, ó ń wò mí kí n sọ ohun tó máa ṣe. Mo wo òrùlé. Ó dúró tó ìṣẹ́jú kan. Ó lọ yọjú sí páálí kan, ó sá sẹ́yìn. Ó tún lọ. Nígbà tó rí ẹ̀dọ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún gbójú sókè wò mí bóyá màá bá a wí. Mo ju méjì sí i fún un. Ìrù yẹn, ẹ̀yin ará! Láti ìdí ló ti ń jù.

Lọ́jọ́ kẹrin ni mo gbọ́ imú rẹ̀. Fù-fù-fù-fù, kíákíá, bí ẹni tó ń fẹ́ná. Mi ò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí mo ti ní ajá yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la ṣe, ó lọ sùn títí di àkókò oúnjẹ. Èmi tó ti ń rìn kílómítà mẹ́rin lálaalẹ́!

Dókítà_Ẹran · 8:02

Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Charlotte Duranton àti Alexandra Horowitz ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2019. Ajá ilé 20 ni wọ́n lò. Wọ́n fi eré imú fún àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kọ́ àwọn yòókù láti máa rìn tọ olówó wọn létí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abọ́ sí ibi tí ajá ò lè mọ̀ bóyá oúnjẹ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Àwọn eléré imú yára lọ wò ó ju bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ; ti àwọn yòókù ò yí padà. Tanmọ̀la tó sá sẹ́yìn tó sì tún lọ yẹn, ohun kan náà ni.

Akin_Bódìjà · Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ kẹrin, 9:20 alẹ́

Ẹ gbà mí. Mo ti bọ́ sórí kànáfùrù bí ÌyáJọ̀lọ́ ṣe kọ ọ́ sí mi níkọ̀kọ̀. (Fún àwọn tó ń béèrè: mo kó òwú sínú ìgò pẹ̀lú kànáfùrù gbígbẹ, mo dé e pa fún ọjọ́ mẹ́ta, òórùn rẹ̀ wọ òwú, mi ò ra òróró. Mo fi òwú sínú agolo tó nihò, mo gbé ẹ̀dọ̀ lé e lórí nínú páálí. Tó bá pẹ́ díẹ̀, màá yọ ẹ̀dọ̀ kúrò, màá sì wá jù ú fún un tó bá ti rí agolo.) Ó ń lọ dáadáa títí di ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kìíní: agolo róòbù ni mo lò. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi fi róòbù pa orúnkún lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Tanmọ̀la já wọ yàrá, ó lọ dúró gbọn-in níwájú orúnkún ìyá mi, ó ń wò mí, ó ń retí ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì: ìgò kànáfùrù dà nù sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Gbogbo ilé ló ń rùn bí ìkòkò kúnú. Ajá ń yí po lójú kan.

Àmọ́ kí ó tó di ọjọ́ Ajé, ẹ̀ẹ̀mẹwàá nínú mẹ́wàá ló ń rí i!

Ẹlẹ́rìn_Gbogboògbò · 9:24

Ó ti ṣàyẹ̀wò, ó rí àìsàn: orúnkún.

Tunde_Houston · 9:31

😂😂 Akin, kó kápẹ́ẹ̀tì jáde sóòrùn, kó o sì fi pálọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ sí ìta. Ra agolo tuntun tí nǹkan kan ò wọ̀ rí, ọ̀kan fún olóòórùn, kó o sì ní irú rẹ̀ bíi márùn-ún tó ṣófo tí o máa fi sínú àwọn páálí yòókù, kó má bàa jẹ́ òórùn páànù ló ń tẹ̀ lé. Má kó wọn pọ̀ sínú àpò kan.

Ìbéèrè kan: nínú ẹ̀ẹ̀mẹwàá yẹn, ta ló ń fi pamọ́?

Akin_Bódìjà · 9:40

Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Tunde_Houston · 9:41

Hẹn-ẹ́n. Jẹ́ kí ẹlòmíì fi pamọ́ lọ́la, kó má sọ ibi tó wà fún ọ.

Akin_Bódìjà · Ọjọ́bọ̀, 8:15 alẹ́

Àbúrò mi obìnrin ló fi pamọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, agolo tuntun. Ẹ̀ẹ̀méjì nínú mẹ́fà.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin yòókù, ibi tí mo bá ti dẹsẹ̀ dúró ni Tanmọ̀la ń lọ dúró sí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń dúró.

ÌyáJọ̀lọ́ · Jímọ̀, 1:00 òru

Má jẹ́ kí ó dùn ọ́ jù. Wọ́n ṣe irú ìwádìí kan ní Yunifásítì California ní Davis, ó jáde ní 2011. Kì í ṣe ajá ilé o, ajá aṣàwárí gidi 18 pẹ̀lú àwọn tó ń darí wọn. Wọ́n sọ fún àwọn olùdarí pé òórùn wà ní àwọn yàrá náà, pé ní àwọn ibì kan, bébà pupa á wà níbi tí wọ́n fi òórùn sí. Irọ́ ni, òórùn kankan ò sí níbì kankan. Síbẹ̀ àwọn olùdarí sọ pé ajá wọn rí i, ó lé ní igba ìgbà, ibi bébà pupa ló sì pọ̀ jù. Ojú èèyàn ló ń wá a, wọ́n rò pé imú ajá ni.

Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn ní ìdíje mi kìíní. Páálí kan wó díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, mo sọ lọ́kàn mi pé èyí ni wọ́n ṣí tí wọ́n sì tún tì. Jọ̀lọ́ kọjá rẹ̀. Mo dúró. Jọ̀lọ́ padà wá tìtorí pé mo dúró, ó wo páálí, ó wò mí. Mo pariwo "Alert!" Adájọ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. A wọ mọ́tò lọ sílé, wákàtí méjì ààbọ̀, n kò tan rédíò.

Ohun tó o máa ṣe: máa rìn. Má dúró tí kò bá dúró. Kí àbúrò rẹ máa fi pamọ́, kó fọwọ́ kan gbogbo ibi tó kọjá, kó sì jáde kúrò níbẹ̀, nítorí òun náà á fi ojú tọ́ka tó bá dúró wò yín. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó má fi nǹkan kan pamọ́ rárá, kó o wo bí Tanmọ̀la ṣe rí tí kò bá sí nǹkan. Tí o ò bá mọ èyí, o ò lè mọ ìkejì.

ỌmọỌdẹ_Ṣakí · 6:22 àárọ̀

Ohun tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́ lẹ́nu, ẹ ò dákẹ́ lẹ́sẹ̀.

Sàdíátù_Ẹ̀gbá · 7:05

Tiwa ti dé orí kànáfùrù o. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo èyí: mo fi agolo sí àárín búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Ó kọjá rẹ̀, ó lọ dúró ní igun ògiri, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i, ó ń họ ilẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé ó ti ṣàṣìṣe.

ỌmọỌdẹ_Ṣakí · 7:30

Kò ṣàṣìṣe. Ẹ lọ sun egbògi ẹ̀fọn síbi tí ẹ fi agolo sí nígbà tí ajá ò sí níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí èéfín ń lọ. Igun ògiri yẹn ló ń kó jọ sí. Òórùn kì í jókòó sójú kan, bí omi ló ṣe ń ṣàn, ó ń dárogún. Ajá tó bá gbọ́n á bá a dé igun, á rí i pé orísun kò sí níbẹ̀, á padà tọ̀ ọ́ wá. Ẹ fún un láyè. Bí ẹ bá ti fà á kúrò, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Sàdíátù_Ẹ̀gbá · Sátidé, 6:48 àárọ̀

Èéfín náà lọ tààrà sí igun ọ̀hún! Mo sì fún un láyè lónìí. Ó lọ sí igun, ó họ ilẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ń fi imú gé afẹ́fẹ́ sọ́tùn-ún sósì, ó bá padà sí búlọ́ọ̀kù, ó ki imú bọ ihò kẹta. Bàbá àwọn ọmọ ń wò wá láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní ṣé agolo yẹn ni gbogbo wàhálà yìí?

Akin_Bódìjà · Sátidé, ọ̀sẹ̀ keje, 7:55 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn tòní, kí n tó lọ jẹun.

Àbúrò mi fi agolo pamọ́ sẹ́yìnkùlé, ó wọlé lọ. Mo rí bàtà ìyá mi kan tó dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, mo sì mọ̀ pé kì í wà níbẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ibẹ̀ ni. Mo ń rìn, mi ò dúró. Tanmọ̀la wo bàtà yẹn tán, ó kọjá. Okùn wà lọ́wọ́ mi; ẹ má bínú, mo fà á díẹ̀. Kò dáhùn. Ajá tó ń lọ sábẹ́ tábìlì tẹ́lẹ̀ tí mo bá gbé ọwọ́, ó dẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ ọrùn, ó ń fà mí lọ síbi odó. Orí rẹ̀ já wálẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Ṣakí ṣe sọ. Ó yí odó po lẹ́ẹ̀kan, ó fi imú ti ìdí rẹ̀, ó dúró, ó yíjú wò mí.

Mo pariwo "Ó ti rí i!" Àbúrò mi dáhùn láti inú ilé pé bẹ́ẹ̀ ni. Abẹ́ odó ló fi pamọ́ sí. Bàtà yẹn, adìyẹ ló gbé e dà síbẹ̀.

ÌyáJọ̀lọ́ · 1:10 ọ̀sán

Mo ka ti odó yìí fún Jọ̀lọ́. 😄 Okùn tó o fà yẹn ńkọ́? Mo rí i o.

Akin_Bódìjà · 1:25

Ẹ má bínú, ma. Mi ò ní fà á mọ́.

Tunde_Houston · 3:40

Tí Tanmọ̀la bá wá díje ní Amẹ́ríkà níbí, ìdánwò òórùn NACSW ló máa kọ́kọ́ ṣe: páálí 12, ọ̀kan ló ní òórùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ to irú rẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi dánra wò.

Akin_Bódìjà · 4:02

Ẹni mẹ́rin láti Ìbàdàn àti ẹnìkan láti Ìsẹ́yìn ti kọ ìwé sí mi. A máa pàdé ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, ẹ̀yìnkùlé wa. Ajá kan lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á wà nínú mọ́tò tàbí lẹ́yìn géètì. Kí kálukú mú ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti omi wá. Kí ó gbé páálí méjì méjì wá, ó kéré tán. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ páálí ẹja o.

Ẹlẹ́rìn_Gbogboògbò · 4:05

Èmi náà ń bọ̀. Mi ò lájá, àmọ́ mo ní páálí.